Ajá Tó Ń Gbọ́ Ìpè Tí Kò Wá: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Oko Adìẹ Lẹ́bàá Ìdọ̀fìán

Akọ ni ajá tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí, ajá ìbílẹ̀ tiwa níhìn-ín, pupa rúsúrúsú tó ní funfun láyà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Oko adìẹ kan ló ń ṣọ́, lẹ́bàá títì tó ti Ìlọrin lọ sí Ajàṣẹ́-Ìpo, kí èèyàn tó dé Ìdọ̀fìán. Ọmọ Ìlọrin ni olóko náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nígboro tó sì ń yọjú sóko láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọkùnrin Ìgbómìnà kan tó gbà síṣẹ́ ló ń sùn síbẹ̀, ọmọ olóko tó jẹ́ obìnrin sì ń wá mójú tó ìṣirò ẹyin àti oúnjẹ adìẹ. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a tú ajá sílẹ̀ kó lè máa yí oko ká. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a fẹ́ mú un so nítorí àwọn oníbàárà tó ń wá ra ẹyin. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí pé ajá náà kì í jẹ́ kí wọ́n mú òun.

Wọn a pè é, yóò wá dúró níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o, yóò máa jùrù, yóò sì máa wo ẹni tó ń pè é lójú kòrókòró. Bí onítọ̀hún bá gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, òun náà a gbé méjì sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sáré tẹ̀ lé e, ó di eré nìyẹn, nítorí pé kò sí èèyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó lè fi eré sísá bá ajá dọ́gba, ajá pàápàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi rí i há sí kọ̀rọ̀ kan, oòrùn á ti gòkè, àwọn adìẹ á sì ti máa ké fún omi.

Ká ní ìdààmú àárọ̀ nìkan ni, wọn ì bá máa fara dà á. Ṣùgbọ́n iwájú oko náà ṣí sílẹ̀ gbayawu sí títì, títì ọ̀hún kì í sì í sinmi: ọkọ̀ àjàgbé tó kó sìmẹ́ńtì, táńkà epo, àti bọ́ọ̀sì akérò tó ń sáré àtidé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn oko, ìdílé Fúlàní kan ń da màlúù. Ní ọjọ́ kan ajá náà wọ àárín agbo, ó lé ọmọ màlúù kan títí tó fi ya kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, gbogbo bí ọmọ iṣẹ́ sì ṣe ń kígbe pè é láti ẹ̀yìn ọgbà, kò wò ó. Darandaran náà gbé ẹjọ́ lọ bá baálẹ̀, baálẹ̀ sì ránṣẹ́ sí olóko pé kó wá nǹkan ṣe sí ajá rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bá a ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí, nítorí pé iṣẹ́ kíkọ́ ajá ni mò ń ṣe jẹun ní Ìlọrin.

Nígbà tí mo dé oko, gbogbo ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ náà ló ń pa òwe kan náà fún mi, pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà dára fún ọmọ èèyàn tí kò gba ìmọ̀ràn. Bí a bá wá gbé e lé ajá gan-an lórí, ìwádìí ló máa ń pa run, nítorí pé ẹ̀bi ti di ti ajá kí ẹnikẹ́ni tó bi ẹni tó ń fọn fèrè léèrè ohun tó ti fi fèrè náà ṣe.

Etí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ajá oko a máa ní eégbọn nínú ihò etí, ibẹ̀ a sì máa kẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ó bọ́ sí i pé wọ́n ti rí i mú lọ́jọ́ náà. Mo ya etí méjèèjì wò nínú oòrùn. Eégbọn díẹ̀ wà lẹ́yìn etí òsì, ṣùgbọ́n kò sí ọyún, kò sí òórùn, kò sì gbọn orí nígbà tí mo tẹ ìdí etí rẹ̀. A tú u sílẹ̀. Nígbà tó ti wọ inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lódìkejì lọ, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ dúró lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìẹ sí, níbi tí ajá kò ti lè rí i, kó fi ṣíbí kan abọ́ tánganran tí ajá fi ń jẹun, lẹ́ẹ̀kan péré, kó má sì la ẹnu. Kíá ni ewé ẹ̀gẹ́ ti ń mì. Ajá já jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró níwájú abọ́ tó ṣófo. Ìró tó bá ga ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ. Ti ajá ń lọ títí dé nǹkan bí 45,000 Hz. Ajá yìí ń gbọ́ wa ju bí àwa ṣe ń gbọ́ ara wa lọ.

Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè tẹ̀ lé e. Olóko ní Ẹniafẹ́lamọ̀ ni òun sọ ọ́. Àwọn àgbà wa a máa fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì bá á mọ̀ ọ́n lára. N kò béèrè ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu ará ilé. Olóko nìkan ló ń pè é tán. Ìyàwó rẹ̀ a máa pè é ní Lamọ̀. Àwọn ọmọdé tó ń wá ra ẹyin fún ìyá wọn ti sọ ọ́ di Fẹ́lá, orin ni wọ́n sì fi ń pè é. Bíńgò ni ọmọ iṣẹ́ ń pè é, bí ó ṣe ń pe gbogbo ajá láti ìgbà èwe rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé orúkọ náà pọ̀, ohun gbogbo ni wọ́n ń fi í ṣe: wọ́n ń fi í bá a wí, wọ́n ń fi í bá a ṣeré, wọ́n ń fi í lé e kúrò níbi adìẹ, wọ́n tún ń fi í pè é wá. Orúkọ lè jẹ́ kí ajá mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kò lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe fún un. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ké Bíńgò, Bíńgò, Bíńgò láìsinmi, tí ohunkóhun kò sì tẹ̀ lé e, ìpè náà ti di ọ̀kan nínú ariwo oko.

Mo wá bi ọmọ iṣẹ́ náà pé bí ajá bá wá lóòótọ́ nígbà tó pè é, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ní, “Mà á so ó mọ́ ṣéènì ni, sà.” Mo ní nígbà mìíràn ńkọ́. Ó rò ó wò, ó ní àwọn a máa pè é kí àwọn lè fi oògùn eégbọn wẹ̀ ẹ́. Àwọn a máa pè é lọ́dọọdún kí dókítà ẹran lè gún un ní abẹ́rẹ́ digbolugi. Bí ó bá sì pẹ́ kó tó wá, òun a fi pàṣán kàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mọ̀ pé kò dára kó máa pẹ́. Mo ní kó tún èyí tó sọ gbẹ̀yìn sọ. Bí ó ṣe ń tún un sọ ni ọmọ olóko, tó ń ka ẹyin sínú kéréètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dáwọ́ dúró, tó sì wò ó.

Gbogbo ẹjọ́ náà wà nínú ìdáhùn yẹn. Èèyàn lè mú ẹ̀ṣẹ̀ àná bá ọmọ wí lónìí, kí ó sì yé ọmọ náà. Ajá kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe kẹ́yìn kí nǹkan tó dé bá a ló máa ń so mọ́ ohun tó dé bá a. Nígbà tí pàṣán bà á, pípẹ́ rẹ̀ ti kọjá lọ. Wíwá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Wíwá ni wọ́n nà án fún. Edward Thorndike, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ti ológbò mọ́ inú àpótí láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀nà àtijáde, ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde láti 1898: ìṣe tó bá gbè ẹranko ni yóò máa tún ṣe, èyí tí kò bá gbè é yóò máa fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yẹn, ajá oko yìí kò ya olóríkunkun. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá ló gbọ́ dáadáa: bí wọ́n bá pè ọ́, dúró jìnnà.

Olóko kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ajá tí kò bá bẹ̀rù ẹni kò ní gbọ́ tẹni. Mo dá a lóhùn pé ìbẹ̀rù lè mú kí ajá dúró, ó lè mú kó dákẹ́, ó sì lè mú kó sá kúrò níbi ẹran tó fẹ́ jí. Ṣùgbọ́n ibi tí ohun tó ń bà á lẹ́rù wà ni a ń pè é sí, kò sì sí ẹ̀dá tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ bí ó bá ní ibòmíràn.

Ó sì ní ibòmíràn, ibẹ̀ sì dùn ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Adìẹ tó bá kú ní oko náà, ààtàn tó wà lẹ́yìn ọgbà ni wọ́n ń jù ú sí. Kò sí òwúrọ̀ tí ajá náà jí tí kò rí ẹran jẹ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é fún ẹ̀bà àná. Àbùjẹ pọ̀ ní ààtàn, ṣéènì sì wà lọ́wọ́ olùpè. Bí èmi náà bá jẹ́ ajá, mo mọ ibi tí n óò lọ. Kí a tó kọ́ ajá lóhunkóhun, a ní kí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn fún òkú adìẹ, kí wọ́n fi páànù bò ó, kí wọ́n sì gbé òkúta lé e. Ì bá ti yẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí àrùn adìẹ pàápàá. Oúnjẹ ajá, tí wọ́n máa ń gbé sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù, wọn a gbé e kúrò.

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí a rí gbà, ti ọdẹ àgbà kan lápá Ìgbàjà, lọ́wọ́ ẹni tí olóko ti gba ajá náà nígbà tó ṣì kéré, ló wúlò jù. A pè é lórí fóònù. Ó ní òun kì í pe ajá òun láti so ó. Bí òun bá fẹ́ so ajá, òun a lọ bá a níbi tó bá sùn sí. Ó ní bí òun bá fọn fèrè nínú igbó tí ajá sì wá, bí kò tilẹ̀ rí ẹran pa, òun a ṣáà wá nǹkan kan fún un láti inú àpò, bí ó jẹ́ ègé iṣu, kí òun tó ní kó máa lọ. Bàbá náà kò gbọ́ orúkọ Thorndike rí, kò sì nílò rẹ̀.

A pinnu pé a ó fi orúkọ ajá sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé ìpè tó ti bàjẹ́ máa ń pẹ́ kó tó tún ṣe, a ó sì wá ìpè tuntun tí kò ní ìtàn kankan. Fèrè oníke bíi ti rẹfirí la rà nígboro. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú fèrè ni pé kò mọ ìbínú. Ẹni tó fọn ọ́n lówùúrọ̀ tí inú rẹ̀ dùn àti ẹni tó fọn ọ́n lọ́sàn-án tí oòrùn ti pa, ohùn kan náà ló ń jáde. Èèyàn méjì péré la fún láṣẹ láti fọn ọ́n, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ olóko. Àwọn ọmọdé tó ń kọrin Fẹ́lá kò gbọdọ̀ rí i.

Owó iṣẹ́ ajá ni wàrà, èyí tó dì tí àwọn Fúlàní ń ṣe. Ìyàwó darandaran tó gbé ẹjọ́ lọ bá baálẹ̀ náà gan-an ló ń gbé e kiri tà, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ti ń rà á, èyí tó rọ ọ̀rọ̀ àárín ìdílé méjèèjì ju ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀ lọ. Omi lásán ni ọmọ olóko ń fi bọ̀ ọ́, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, nítorí pé àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Yóò wá gé e wẹ́wẹ́ débi pé ajá lè gbé ẹyọ kan mì láìjẹ ẹ́. Èèyàn kan dábàá egungun adìẹ sísè, mo sì kọ̀, torí pé ó máa ń ṣán ṣóńṣó bí ajá bá rún un, ó sì lè gún un nífun.

Ìpele àkọ́kọ́ kò ju pé kí fèrè dún kí wàrà sì tẹ̀ lé e, nígbà tí ajá wà lórí okùn kúkurú níwájú ẹni tó ń fọn ọ́n, tí kò sí ohunkóhun tí a fẹ́ kó ṣe. Ohun tó gba ìṣọ́ra níbẹ̀ ni ètò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ a máa ki ọwọ́ bọ àpò kó tó fọn fèrè, ojú ajá a sì ti wà lára àpò kí ìró tó jáde. Nínú iṣẹ́ Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, àmì ló ń ṣáájú, oúnjẹ ló ń tẹ̀ lé e, ajá sì ń da itọ́ nígbà tó bá gbọ́ àmì náà. Bí oúnjẹ bá ti ṣáájú, àmì kò ní ohun tó ń sọ fún ajá mọ́. A ní kí ọmọ iṣẹ́ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kó fọn fèrè tó há sẹ́nu, kó tó mú wàrà. Láìpẹ́, ajá tó ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ á yí ọrùn padà fìrì bí ìró bá ti jáde. Orí tó yí fìrì yẹn ni mo máa ń dúró dè kí n tó gbà kí ẹnikẹ́ni sún ajá jìnnà.

Ọ̀rọ̀ itọ́ ajá jáde níbí, ó sì yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sí ilé Mùsùlùmí ní Ìlọrin tí n kò ti pàdé rẹ̀. Ọmọ olóko kò fẹ́ kí ajá máa fi ẹnu gba nǹkan lọ́wọ́ òun, nítorí ìrun, torí pé ohun àìmọ́ ni itọ́ ajá lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rán an létí pé Kùránì fúnra rẹ̀, ní Súrátù Máídà, áyà kẹrin, sọ̀rọ̀ nípa ẹranko ọdẹ tí èèyàn kọ́, ó sì gbà wá láyè láti jẹ ohun tó bá mú fún wa. Pé kíkọ́ ajá kì í ṣe èèwọ̀. Síbẹ̀, ọmọ náà ní ọ̀tọ̀ ni ẹran ìgbẹ́, ọ̀tọ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ òun. A kò bá a jiyàn. Dípò kó fi lé ajá lẹ́nu, ó ń jẹ́ kí wàrà bọ́ sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Èyí tilẹ̀ ṣe wá lóore, nítorí pé ajá ní láti wọlé wá títí kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó rí i jẹ, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́, ńṣe ló ń na ọrùn gbọọrọ láti òkèèrè, á já wàrà gbà, á sì fò sẹ́yìn.

Fífò sẹ́yìn yẹn ló gbà wá ní àkókò jù. Ajá náà ti gbà láti wá síbi fèrè. Ohun tí kò gbà ni kí ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, torí pé ọwọ́ tó bá kan bẹ́líìtì ọrùn ni ṣéènì ń tẹ̀ lé. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ lóṣòó, kó yí ẹ̀gbẹ́ sí ajá, kó má wo ojú rẹ̀, kó sì mú ọwọ́ gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wá, kó má gbà á láti òkè orí. Ìka rẹ̀ á kọ́kọ́ kan irun abẹ́ ọrùn, wàrà á jáde. Lẹ́yìn náà, ìka á kan bẹ́líìtì, wàrà á jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka méjì á wọ abẹ́ bẹ́líìtì, wọ́n á dì í mú fún ìgbà díẹ̀, wàrà á jáde, ìka á sì tú u sílẹ̀. Ní àkọ́kọ́, awọ èjìká ajá a máa gbọ̀n bí ìka bá ti kàn án. A kò lọ síwájú títí gbígbọ̀n náà fi kúrò. Nígbà tó fi máa tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ọrùn bọ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́, kó lè yá.

Láti ibẹ̀ lọ, òfin kan ló bo gbogbo rẹ̀: bí ajá bá wá, a ó fún un ní wàrà, a ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, a ó sì tún tú u sílẹ̀ pé kó máa lọ. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ so ó, wọn a ti fọn fèrè fún un kí ó tó di ìgbà náà, wọn a sì tú u lọ. Nígbà tó bá yẹ kí wọ́n so ó, ọmọ iṣẹ́ a gbé oúnjẹ òwúrọ̀ lọ síbi ṣéènì gẹ́gẹ́ bí ọdẹ àgbà ṣe sọ, a sì so ó nígbà tó bá ń jẹun. Fèrè kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ṣéènì mọ́.

Nígbà tí a kúrò nínú ọgbà bọ́ sí gbangba, a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà 10 sí i, láti àyà, kì í ṣe láti ọrùn, kó má bàa fún un lọ́fun bí ó bá ta kàn án. Okùn yẹn kì í ṣe fún fífà. Olóko fẹ́ kí a máa fi fà á wá bí ẹja tó kọ́ ìwọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ okùn kò ju kó má jẹ́ kí ajá rí owó iṣẹ́ mìíràn gbà níbòmíràn, kí àgùntàn tàbí adìẹ ẹlòmíràn má di ẹ̀bùn àìgbọ́ràn. Bí fèrè bá dún tí ajá kò yíjú, ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Yóò rìn sún mọ́ ọn, yóò sì jẹ́ kó gbọ́ òórùn wàrà; nígbà mìíràn tí wọ́n bá dán an wò, kò ní jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì dá a lójú pé ajá yóò wá, kó má fọn fèrè rárá. Òfin yìí ló nira jù fún gbogbo ènìyàn, torí pé ìgbà tí ọkàn ẹni bá wà lókè ni ọwọ́ máa ń wá fèrè.

Ìfàsẹ́yìn wà. Dókítà ẹran wá láìròtẹ́lẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ sì fọn fèrè, ajá wá pẹ̀lú ayọ̀, wọ́n dì í mú, wọ́n sì gún un. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà pọn dandan, nítorí digbolugi kò ní ìwòsàn bí ó bá ti fara hàn. Ṣùgbọ́n wọn ì bá rìn lọ mú un. Ní ọjọ́ kejì, ajá dúró sí ibi àtijọ́ rẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ kò lè tó, ó ń jùrù. A padà sínú ọgbà, sórí okùn kúkurú, bí ẹni ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni abo ajá kan ní abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, nǹkan tó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí wàrà tó lè bá ìyẹn du ipò. A so ajá mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, a kó fèrè pa mọ́, a sì dúró kí àsìkò náà kọjá.

Ọ̀rọ̀ màlúù la fi sí ìkẹyìn. Pẹ̀lú àṣẹ darandaran náà, ọmọ iṣẹ́ ń mú ajá lórí okùn gígùn lọ sí ibi tí agbo ti hàn kedere ṣùgbọ́n tó ṣì jìnnà, á fọn fèrè, á fún un ní wàrà tó pọ̀ ju ti ìgbàkúùgbà lọ, wọn á sì padà sílé kí ajá tó gbóná. Wọ́n ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí okùn já ni a rí àbájáde rẹ̀. Ọmọ màlúù kan ló sáré kọjá, ajá ta, okùn já níbi tó ti gbó, ajá sì ti dé ìdajì ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹsẹ̀ òun ti fẹ́ sáré, òun sì rántí pé wọ́n ní kí òun má sáré tẹ̀ lé e; òun wá kọ ẹ̀yìn sí i, òun sáré lọ sí ọ̀nà ilé. Ajá yí po, ó lé e bá, ó sì ti ọrùn bọ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wàrà tó wà nínú ọ̀rá ló dà sílẹ̀ fún un.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí, ajá náà ń wá síbi fèrè lówùúrọ̀ àti lálẹ́, níwájú adìẹ, ewúrẹ́, oníbàárà àti màlúù. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń fún un ní wàrà mọ́. Nígbà mìíràn ègé kan ni, nígbà mìíràn ìkúnwọ́, nígbà mìíràn wọn a fọwọ́ pa á láyà, wọn a sì tú u lọ. Mo kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró pátápátá, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí a kò san nǹkan kan fún mọ́ yóò wáṣẹ́ lọ. Wọ́n ti ra fèrè kejì, irú kan náà, ó sì wà ní ọwọ́ ọmọ olóko, bí ti ọmọ iṣẹ́ bá sọnù. Bí wọ́n bá fi orúkọ pè é, ní èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í dáhùn dáadáa, n kò sì rí ìdí tí a ó fi yọ ara wa lẹ́nu lórí ìyẹn.

Ọ̀yà ni a kò tíì yanjú. Bí ó bá gbọ́ òórùn ọ̀yà nínú koríko etí odò lẹ́yìn òjò, fèrè a dún, orí a yí, ẹsẹ̀ kò sì ní tẹ̀ lé orí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń gba apá ibẹ̀ lọ, okùn tuntun ṣì wà ní àyà rẹ̀.